Ẹnu Wa Ti Rí Àlùkò, Ojú Wa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ẹyẹ wíwò ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, lọ́jọ́ Sátidé nìyí o, àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe rántí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé ibi tí mo ti ṣáko lọ ẹ má bínú, bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ará Kétu ni mí, SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀ ayé, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ mi ò bá ti iṣẹ́ olùkọ́ wá lónìí, kò sẹ́ni tí mo máa fún ní nọ́ńbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, irú ẹyẹ mélòó lẹ ti rí?

Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ ní mẹ́wàá, màmá kan tó jókòó níwájú wá yíjú sí i, ó ní ṣé o ti ka adìyẹ mọ́ ọn. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ má bínú màmá, adìyẹ ò sí níbẹ̀. Tòlótòló ò sí níbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ inú ilé ò sí níbẹ̀. Ẹyẹ tó ń dá jẹ ara ẹ̀ là ń sọ, tí kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀, tí kò sẹ́ni tó sé e mọ́ inú àgò, tó sì wà láàyè. Àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí irú ẹyẹ kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rí i, ibi tí wọ́n ti rí i, ìwé yẹn ò sì ní parí àfi tí ẹni tó ni ín bá kú. Ẹyẹ tuntun tó wọ inú ìwé yẹn, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní coche. Àwa tá a jọ ń rìn wá ẹyẹ kiri, a ò fẹ́ coche, àkọ́rí là ń pe tiwa, bí a ṣe ń sọ pé àkọ́bí, bí a ṣe ń sọ pé òjò àkọ́rọ̀.

Bí mo ṣe bọ́ sínú ẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọ́ọ̀yàn níwèé gba àlejò, òyìnbó ará Holland kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹyẹ lòun wá wò ní Bẹ̀nẹ̀. Nígbà yẹn mo rò pé àwàdà ni. Èmi ni mo ní alùpùpù, wọ́n ní kí n gbé e jáde lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, inú ọyẹ́ ni, a gba ọ̀nà Idigny, a kúrò lórí gudurọ́ọ̀nù, a bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Bí mo ṣe tan iná alùpùpù, ẹyẹ kan gbéra láàárín títì, ẹyẹ kékeré méjì sì tẹ̀ lé e, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, èmi wá ń sọ lọ́kàn ara mi pé àwọn ẹyẹ kéékèèké yìí gbójú o, tí wọ́n ń lé èyí tó jù wọ́n lọ.

Kì í ṣe ẹyẹ. Ìyẹ́ ara ẹ̀ ni! Akọ ẹyẹ yìí, tó bá tó àsìkò tó ń wá abo, ìyẹ́ kan á yọ gùn lára apá kọ̀ọ̀kan, igi ìyẹ́ yẹn á gùn gbọọrọ, á rí tín-ín-rín bí okùn, kò ní sí nǹkan kan lára ẹ̀ àfi ní téńté orí níbi tó ti fẹ̀ bí àsíá, tó bá wá ń fò nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ojú yín ò ní rí okùn yẹn rárá, àsíá méjì yẹn nìkan lẹ máa rí tó ń bá a fò. Engoulevent à balanciers lorúkọ ẹ̀ lédè Faransé.

Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí àlejò mi. Ó ti jókòó sílẹ̀. Nínú eruku, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní láti kékeré lòun ti ń rí ẹyẹ yìí nínú ìwé àwòrán. Ó fa kàyé kékeré kan yọ lápò, ó kọ 2,614, ó kọ orúkọ ẹyẹ, ó kọ Kétou. Ó wá bi mí pé, ìwọ ńkọ́, ẹlẹ́ẹ̀mélòó rẹ nìyí?

Mi ò ní èsì. Láti ìgbà tí mo ti ń ru igi ìdáná bọ̀ látoko ni mo ti mọ ẹyẹ yẹn, ẹyẹ òru lásán la máa ń pè é, tá a bá rí i a máa ń sá ni, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ẹni tó ni ín wà nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Kétu, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹyẹ kì í ṣe ẹyẹ nìkan. Ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wá, UNESCO gan-an kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, ẹ sì mọ àwọn tá à ń tù lójú nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ mọ ìdí tí ẹyẹ fi ń wà lórí igi tí wọ́n gbẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń rìn lọ lẹ́bàá oko, jumẹ́ẹ̀lì, awò tó ń mú ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú, wà lọ́rùn mi, mo pàdé màmá àgbà kan tó ru apẹ̀rẹ̀. Ó ní Mẹ́tìrì, kí lò ń wá káàkiri láàárọ̀ kùtù báyìí? Mo ní ẹyẹ ni màmá. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, ẹyẹ ta ni?

Ó ṣòro díẹ̀ láti ṣàlàyé lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí òyìnbó yẹn bi mí ní ìbéèrè, mo mú kàyé àti bíìkì, mo ní kí n kọ tèmi. Lékeléke. Àṣá. Àwòdì. Ẹ̀gà. Àdàbà. Àparò. Òwìwí. Ẹlúlùú. Ológoṣẹ́. Kannakánná. Igún, tá ò fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́. Mo kọ ọ́ dé 31, nínú 31 yẹn àwọn kan wà tí mi ò mọ orúkọ wọn, mo kàn kọ "èyí tó dúdú tí ìrù ẹ̀ gùn" ni. Mo wá kọ àlùkò. Bíìkì dúró. Mo bi ara mi pé, ṣé o ti rí àlùkò rí?

Ó yá, ẹ̀yin náà. Ta ló ti rí àlùkò rí níbí? Kì í ṣe ẹni tó ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ o. Gbogbo wa la mọ̀ pé agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékeléke ló ni ẹfun, wọ́n fi wúre fún wa lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n fi wúre fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a sì ṣe àmín. Mo ní ẹni tó fi ojú ara ẹ̀ rí i.

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbéra, ti bàbá kan lápá ọ̀tún, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ẹ kú orí ire bàbá. Ẹ wo gbogbo wa bá a ṣe kún inú ilé yìí, ẹnu wa ti ń pe ẹyẹ yẹn láti ìgbà tá a ti dáyé, ojú wa ò bá ẹnu wa débẹ̀. Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú nǹkan yìí ju iye lọ nìyẹn, pé kí ojú mi lé ẹnu mi bá.

Kí n sọ díẹ̀ nípa òfin ẹ̀. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ti tán. Ẹyẹ inú àgò, rárá. Ọ̀kan nínú àwa méje tá a jọ ń rìn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ó jókòó síbí, ó kọ odídẹ sínú ìwé ẹ̀, a ní níbo lo ti rí odídẹ, ó ní ní fáráńdà àbúrò bàbá òun níbí ní Àjàṣẹ́, ó tiẹ̀ kí òun ní ẹ káàárọ̀. A ní kó pa á rẹ́, ó bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sì mọ̀ pé láti 2017 CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò odídẹ tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, torí bí wọ́n ṣe ń mú wọn tà ti fẹ́ run ún tán, nítorí náà odídẹ fáráńdà yẹn, ká máa gbàdúrà fún un ni.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ẹyẹ téèyàn gbọ́ ohùn ẹ̀ tí kò rí i. Àwọn kan láyé ń kà á. Lọ́dọ̀ wa, ìpín méjì la pín sí, èmi sì wà lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà. Àmọ́ bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò wa ní Kétu tó máa ń dà mí láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí wọn ò nílò ojú, wọ́n á kàn dúró lẹ́yìn ilé níròọ̀lẹ́, wọ́n á ní òrófó nìyẹn, àtíòro nìyẹn, akọ àparò nìyẹn, èyí ń bínú. Mo ní bàbá, ẹ jẹ́ ká kà á ká mọ iye tẹ́ ẹ mọ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo wá ń kọ orúkọ tí wọ́n bá dá láìfi nọ́ńbà sí i, títí di òní mi ò kà á, ó kún ojú ewé mẹ́rin.

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ọ̀sà yín yìí, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ní? Ní 2000 wọ́n kọ ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé mọ́ àwọn ilẹ̀ omi tí àdéhùn Ramsar mọ̀ kárí ayé. Ọmọ orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mí, tẹ́ ẹ bá gbé mi dé orí omi, gbogbo nǹkan ni àkọ́rí lójú mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sápá Aguégué, mo rí ẹyẹ kan tó ń rìn lórí ewé omi bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀, ara ẹ̀ pupa bí obì, ọrùn ẹ̀ funfun, àwo búlúù kan wà níwájú orí ẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ sì gùn débi pé ó jọ pé wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹyẹ míì ni. Jacana ni. Ìka gígùn yẹn ló ń pín ìwọ̀n ẹ̀ sórí ewé tí kì í fi í rì. A kígbe! Àwa méje la dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ fẹ́ dojú dé.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń wà wá, apẹja ni, ó ní ẹ jókòó jàre, ẹyẹ tó wà níbí lójoojúmọ́. A jókòó, ojú tì wá. Ó wá ní, ṣé ẹ mọ̀ pé akọ ló ń sàba? A ní báwo? Ó ní abo á yé ẹyin sílẹ̀ fún ọkọ kan, á tún lọ bá ọkọ míì, akọ lá máa sàba, akọ lá máa tọ́ ọmọ, tí nǹkan bá dẹ́rù bà á, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, á gbé wọn rìn. Mo delé, mo wá a, bó ṣe sọ ọ́ ló rí, kò yẹ̀ lẹ́yọ kan. Nígbà tá a tún padà lọ, mo rí i fúnra mi: akọ kan dúró lórí ewé, mo ka ẹsẹ̀ ẹ̀, mo ka mẹ́fà, ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá ẹ̀. Ọmọ méjì ni. Àwọn màmá tó wà níwájú, mo rí i tẹ́ ẹ̀ ń wo ara yín o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ jacana lọ bá bàbá ilé jà.

Ó ku àwọn tó ti ya wèrè sí i. Irú ẹyẹ tó wà láyé lé díẹ̀ ní 11,000. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Phoebe Snetsinger, ní 1981 àwọn dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti wọ ara ẹ̀, pé kò lè pẹ́ tó ọdún kan mọ́. Kò dùbúlẹ̀, jumẹ́ẹ̀lì ló gbé kọ́rùn tó ń kiri ayé, ọdún 18 ló tún lò, òun lẹni àkọ́kọ́ tó rí ju irú ẹyẹ 8,000 lọ. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní Madagascar ní 1999, lẹ́nu ìrìnàjò ẹyẹ náà ni. Ẹyẹ tuntun tó rí kẹ́yìn, ní 1997 làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ. Ẹ rò ó wò. A máa ń sọ pé ojú tó bá ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, irọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn èèyàn yìí, wọ́n ti rí òkun, wọ́n ti rí ọ̀sà, tí wọ́n bá rí kòtò omi tí wọn ò rí rí, àyà wọn á tún já. Ará Amẹ́ríkà míì, Peter Kaestner, ó kéde ní oṣù Kejì 2024 ní Philippines pé òun ti pé 10,000, òun yẹn tiẹ̀ rí ẹyẹ kan ní Kòlóńbíà ní 1989 tí kò sí onímọ̀ kankan tó mọ̀ ọ́n, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ẹyẹ yẹn. Owó tó wà nídìí irú ìyẹn, èmi àti ẹ̀yin ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Èèyàn lè rí àkọ́rí láìkúrò lórí àga o. Lékeléke wa yìí, tẹ́lẹ̀ irú kan ṣoṣo ni wọ́n pè é ní gbogbo ayé, láìpẹ́ yìí àwọn tó ń ṣètò orúkọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pín in sí méjì, tiwa níhìn-ín àti ti Éṣíà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ti rí méjèèjì tẹ́lẹ̀ kàn sùn ni, ó jí, nọ́ńbà ẹ̀ ti fi ọ̀kan lé. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa tó ti ṣe iṣẹ́ lọ sí Íńdíà rí jẹ irú èrè yẹn, gbogbo wa bínú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ máa kọ tiwọn lórí pọ́tábù, eBird wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti 2002 ló ti wà, ó máa bá yín ka iye. Èmi kàyé ni.

Ó wá ku ti Ṣábẹ̀. Ẹ mọ àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹyẹ kan ń gbé orí àpáta bẹ́ẹ̀, ìbátan àparò ni, poulette de roche ni wọ́n ń pè é lédè Faransé, ara ẹ̀ dúdú bí ilẹ̀, ó ń na ìrù sókè bí adìyẹ, awọ pupa yí ojú ẹ̀ ká, ẹsẹ̀ ló fi ń sá ju kó fò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gun òkè nítorí ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń mọ́, gbogbo wọn á máa ké pọ̀, ẹ máa gbọ́ wọn lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́yìn, ẹ ò ní rí ẹyọ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, omi mi tán, mo ní ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé gálọ́ọ̀nù nídìí alùpùpù. Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń hó yè lórí òkè. Ó ti jáde. Àwọn mẹ́fà rí i. Ó dúró lórí àpáta, wọ́n ní ó tó ìṣẹ́jú méjì, wọ́n tiẹ̀ ya fọ́tò. Ká ní ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó sórí gálọ́ọ̀nù, mo kọ̀ láti gòkè padà.

Igi ọ̀pọ̀tọ́ kan wà lẹ́bàá odò kékeré níbẹ̀, èso ẹ̀ ti pọ́n. Nǹkan kan ń sáré lórí ẹ̀ka, mo rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni, bó ṣe ń sáré náà nìyẹn, kò fò. Mo gbé jumẹ́ẹ̀lì sójú torí kí n má baà máa ronú poulette. Ẹyẹ ni. Ó tóbi. Dúdú ni mo kọ́kọ́ pè é, oòrùn wá kàn án, ó di aró tó ń dán, aró tó fẹ́ di pupa. Ìlà funfun kan wà lábẹ́ ojú ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ nípọn, ó pupa, iwájú orí ẹ̀ yẹ́lò. Ọkàn mi ti ń lù, mi ò tíì sọ ọ́ sẹ́nu. Ó na apá, ó fò kọjá sórí igi kejì, bó ṣe na apá yẹn, inú apá ẹ̀ pupa fòò!

Osùn.

Èmi náà jókòó sílẹ̀. Nínú eruku. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún, àwọn tó kù wà lórí òkè níbi tí wọ́n ti ń yọ̀ sí poulette wọn. Ọmọ Fúlàní kan ló ń da màlúù bọ̀, lékeléke rọ̀gbà yí wọn ká, mo na ọwọ́ sí igi yẹn, mo ní wò ó! wò ó! Ó wo igi, ó wò mí, ó ní èyí? Ojoojúmọ́ ló ń wá jẹ èso níbẹ̀. Ó da màlúù ẹ̀ lọ. Mo rántí òyìnbó mi, mo sì rántí ojú tí èmi náà fi wò ó lọ́jọ́ yẹn.

Mo pe màmá mi lórí pọ́tábù, ọjà Kétu ni wọ́n wà, ariwo pọ̀. Mo ní màmá, mo ti rí àlùkò. Wọ́n ní kí lo rí? Mo ní àlùkò, èyí tẹ́ ẹ máa ń dárúkọ tẹ́ ẹ bá ń wúre fún wa. Wọ́n dákẹ́, mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti já. Wọ́n wá rọra bi mí, wọ́n ní, ṣé osùn ni lóòótọ́?

Mo ní osùn ni màmá, inú apá ló tọ́jú ẹ̀ sí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n bí olùkọ́ SVT, pupa inú apá àlùkò àtàwọn ìbátan ẹ̀, turacin lorúkọ ẹ̀, bàbà ló wà nínú ẹ̀, bàbà gidi tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀yà tiwọn nìkan la sì mọ̀ tó ń ṣe irú ẹ̀ nínú ẹyẹ. Mo sọ èyí fún màmá mi nígbà tí mo délé, wọ́n ní bàbà kẹ̀, àwọn ò gbà, osùn ni.

Àwọn mẹ́fà yẹn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní fọ́tò dà? Mi ò ní fọ́tò. Ẹlẹ́rìí dà? Ọmọ Fúlàní ti lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ṣòkòtò mi tí eruku ti bò, wọ́n ní a gbà. Nọ́ńbà 187 ni. Poulette yẹn, mo padà rí i ní oṣù méjì sí i, ó dára, kò burú.

Bàbá tó ti rí àlùkò wá bi mí nígbà tí mo parí, wọ́n ní agbe ńkọ́. Mi ò tíì rí agbe o bàbá. Mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú kàyé, mo fi ìlà sílẹ̀ fún ọjọ́ àti ibi, òfìfo ló wà. Màmá ọ̀rọ̀ adìyẹ náà bi mí pé ṣé ẹni tí ò ní jumẹ́ẹ̀lì lè bá wa rìn. Ó lè bá wa rìn, méjì ni gbogbo wa ní, à ń yá ara wa ni, ẹ kàn máa fi sùúrù dúró de ẹni tó wà níwájú yín, kó má lọ jẹ́ pé òun nìkan ló máa rí i.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, etí ọ̀sà níbí. Ẹ mú omi dání. Ẹ má wọ aṣọ funfun, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kọ yín mọ́ lékeléke.